Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́, Kí La Wá Ṣe Nínú Ilé? Òfin, Ìlànà àti Ìwà Nídìí Kọ̀ǹpútà ní Georgia

Ní ọdún 2015, Nathan Van Buren, sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá ní ìlú Cumming, ní àríwá Atlanta, jókòó sínú ọkọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi kọ̀ǹpútà wá ẹni tó ni nọ́ńbà ọkọ̀ kan. Kò fi ọgbọ́n àrékérekè wọlé: páswọ́ọ̀dù tí iṣẹ́ fún un ló lò. Àmọ́ iṣẹ́ ìjọba kọ́ ló ń ṣe. Ọkùnrin kan ló fẹ́ san nǹkan bí 5,000 dọ́là fún un kó bá òun wádìí bóyá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni obìnrin kan. Ìlànà iṣẹ́ wọn ka irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Pàkúté tí FBI dẹ sílẹ̀ fún un ni. Ayédèrú ni nọ́ńbà ọkọ̀ ọ̀hún.

Wọ́n ní ó rú Computer Fraud and Abuse Act, òfin 1986, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù 18 fún un. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Atlanta fara mọ́ ọn lórí ẹ̀sùn yẹn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé e, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta. Amy Coney Barrett, tó kọ ìdájọ́ náà, fi ẹnu ọ̀nà ṣe òṣùwọ̀n: bó bá ṣí sílẹ̀ fún ọ, o kò fọ́lé, ohun yòówù kó gbé ọ wọlé. Adájọ́ Clarence Thomas kọ̀ jálẹ̀: ẹni tí a ní kó bá wa gbé ọkọ̀ lọ páàkì kò gbàṣẹ láti fi ṣe fàájì kiri ìgboro.

Lórí òfin, Barrett ni mo gbè lẹ́yìn. Bí rírú ìlànà ibi iṣẹ́ bá di ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ń fi ẹ̀wọ̀n jẹni níyà, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ti di aṣòfin nìyẹn, ẹni tó bá sì fi kọ̀ǹpútà iṣẹ́ ka ìròyìn di ọ̀daràn. Barrett fúnra rẹ̀ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣàpẹẹrẹ. Ní Redan tí mo ti ń kọ̀wé yìí, ní DeKalb County, mélòó nínú wa ni kò ní jẹ̀bi? Lórí ìwà, Thomas ló sún mọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ẹni tí a fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá pé kó bá wa gbálẹ̀, tó wá ń tú àpótí wò, kò sí àgbà Yorùbá tó máa béèrè bóyá ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn méjèèjì fo ẹnìkan dá: obìnrin tí wọ́n ń wá orúkọ rẹ̀. Lóòótọ́, kò sí i nínú ẹjọ́ yìí. Ká ní ó wà ńkọ́, tó jẹ́ ẹni tó sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tó ń lù ú, tí ẹnìkan wá fowó ra àdírẹ́sì rẹ̀? Òfin kọ̀ǹpútà ti Georgia, ti ọdún 1991, gbìyànjú: ó ka fífi kọ̀ǹpútà yọjú wo àkọsílẹ̀ ìlera, owó oṣù tàbí gbèsè ẹlòmíì láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ ta ni? Ti ẹni tó ni kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ti ẹni tó ni àkọsílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó ṣí fáìlì ẹni tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í sì í ṣe aláìsàn rẹ̀, ilé ìwòsàn kọ́ ló dójú tì. HIPAA, òfin ìlera ti 1996, kò dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ń béèrè ìdí tí a fi wo fáìlì. Irú ìbéèrè yẹn ló yẹ kí gbogbo ìlànà kọ̀ǹpútà fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé ìwé pẹ̀lú. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2000 sọ pé ilé ìwé tó bá ń gba ẹ̀dínwó ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní ìlànà ààbò, kí ó máa ṣọ́ ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe níbẹ̀, kí ó sì pe aráàlú sí ìpàdé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, lórí ìlànà náà. Àwa òbí a máa yára bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù irú ìlànà bẹ́ẹ̀ láìkà á, bí ẹni pé ìwà ọmọ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ náà ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Nínú irú ìpàdé yẹn ló yẹ ká ti béèrè ẹni tó lè wo ohun tí ọmọ wa tẹ̀ lálẹ́, iṣẹ́ tó fẹ́ fi í ṣe, àti ọjọ́ tí wọ́n máa pa á rẹ́.