Ọ̀run Mooru àti Kùmọ̀ Òfin: Ṣé Ó Tọ́ Kí a Fi Agbára Gba Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́ Ọpọlọ?

Ẹ̀rín ni gbogbo ọmọ Yorùbá fi ń rántí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Baba Sàlá, tí a bí sí Iléṣà ní 1936. Ṣùgbọ́n ẹkún ń bẹ nínú ìtàn Ọ̀run Mooru, fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, tí Ọlá Balógun darí ní 1982. Gbèsè ni ó jẹ kí fíìmù náà tó jáde. Kí ó tó rí owó rẹ̀ gbà padà, àwọn kan ti jí i ṣe ẹ̀dà sórí fídíò, wọ́n sì ń tà á. Díẹ̀ ló kù kí àdánù náà ba òwò rẹ̀ jẹ́ pátápátá.

Ìbéèrè tí ìtàn yìí gbé ka iwájú wa nìyí: ṣé ó tọ́ kí ìjọba torí irú nǹkan báyìí rán ọlọ́pàá sí ọjà, kí a já ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kí a sì ti ènìyàn mọ́lé?

Àwọn kan ní kò tọ́. Wọ́n ní ẹni tó jí iṣu mú kí oníṣu pàdánù iṣu, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ẹ̀dà fíìmù kò gba fíìmù lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Wọ́n tún ní àwọn baba wa kò ta ìjálá, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi òfin de àlọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojúkorojú ni oníjàálá ń gba ẹ̀bùn rẹ̀; kò sí ẹni tó lè di ohùn rẹ̀ sínú àpótí gbé lọ tà. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, ohùn kúrò lọ́wọ́ ẹlẹ́nu. Bí a bá fi ebè sílẹ̀ fún àgbẹ̀, tí a kó gbogbo èrè oko lọ, kí la fi sílẹ̀ fún un?

Ìdí nìyí tí òfin fi ń le sí i. Ní 1912 ni a mú òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1911 wọ Gúúsù Nàìjíríà. Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní 1970. Òfin ti 1988 fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 5 tàbí owó ìtanràn tó lè tó ₦1,000 lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan halẹ̀ mọ́ aṣayédèrú. Àtúnṣe 1992 sì fún àwọn olùbẹ̀wò ní agbára ọlọ́pàá. Òfin tuntun, ti 2022, gba ìbuwọ́lù Ààrẹ ní 2023.

Èrò tèmi ni pé agbára tọ́, ṣùgbọ́n ó ní òṣùwọ̀n. Èkíní, ọwọ́ òfin nìkan ni kùmọ̀ gbọ́dọ̀ wà. Òṣèré tí inú ń bí kò gbọdọ̀ kó jàǹdùkú lọ sí ọjà. Kò sí fíìmù tó tó ẹ̀mí ènìyàn. Èkejì, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọmọ tó ń kiri àwo fíìmù lójú títì kọ́ ni olórí ọ̀ràn, bí kò ṣe ẹni tó ni ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ̀kẹta, kí iṣẹ́ náà wà ní àrọ́wọ́tó. Ẹ wo Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè wa níbí, tí wọ́n pa ní 2001. Òfin ń dáàbò bo ìwé òǹkọ̀wé fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nítorí náà, àwọn ìwé Ìgè wà lábẹ́ ààbò títí di ìparí 2071. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rà, tó sì ṣe ẹ̀dà ojú ewé mẹ́wàá láti fi kẹ́kọ̀ọ́, ìwà ìkà ni láti fi í wé ẹni tó tẹ odidi ìwé tà.

Síbẹ̀, ọlọ́pàá nìkan kò lè ṣe é. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ẹni tó jí Ọ̀run Mooru kò bá má ti rí èrè kankan bí kò bá sí àwa tí a sanwó láti wò ó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ibi tí agbára òfin kò lè dé nìyẹn. Ìwà ọmọlúàbí nìkan ló lè débẹ̀.