Àdògán

Àdògán jẹ́ ohun ìdáná tí ó ṣe é gbé láti ibì kan dé ibòmíràn, tí a máa ń kó èédú tí ó ń jó sí nínú. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ àdògán àtijọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi irin ṣe ti wọ́pọ̀ lóde òní. Ó yàtọ̀ sí ààrò, nítorí pé ojú kan ni ààrò máa ń wà, igi ni a sì ń kì sí i.

Ìrísí àti ṣíṣe rẹ̀

Àwọn alágbẹ̀dẹ àti wẹ́dà ni wọ́n ń ṣe àdògán onírin. Wọ́n lè fi páànù tí ó nípọn, dúrọ́ọ̀mù àlòkù tàbí rííìmù ọkọ̀ ṣe é. Àwo òkè, tí èédú ń wà nínú rẹ̀, ní ihò wẹ́wẹ́ nídìí. Eérú ń gba inú ihò wọ̀nyí bọ́ sí ìsàlẹ̀. Ojú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Bí a bá ṣí i, tí a sì fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, èédú yóò pọ́n di ògúnná. Bí a bá dí i, ooru yóò dínkù.

Irin kì í fọ́ bí amọ̀, ṣùgbọ́n ooru tètè máa ń gba ara rẹ̀ jáde. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi amọ̀ tẹ́ inú jiko onírin tí wọ́n gbé jáde ní Kẹ́ńyà ní àwọn ọdún 1980, kí èédú má baà tètè tán.

Ìlò rẹ̀

Ní Ìlọrin, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kwárà, àdògán wúlò nínú ilé àti lẹ́bàá títì. Àwọn obìnrin tí ń sun àgbàdo, iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tà máa ń tẹ́ àwọ̀n irin lé e lórí. Nínú ilé, a máa ń fi se ẹ̀wà àti àwọn oúnjẹ mìíràn tí kì í tètè jinná, pàápàá nígbà tí gáàsì tàbí kẹrosíìnì bá wọ́n. Àdògán kékeré tún wà fún tùràrí: ògúnná díẹ̀ ni a ó kó sí i, a ó wọ́n tùràrí lé e, òórùn dídùn yóò sì gba inú yàrá àti aṣọ. Áyọ́ọ̀nù eléèédú, tí àwọn alágbàfọ̀ àti télọ̀ ń lò níbi tí kò bá sí iná mànàmáná, kò jìnnà sí i: àpótí irin tí ògúnná wà nínú rẹ̀ ni.

Ewu àti ìṣọ́ra

Èédú kì í rú èéfín púpọ̀, èyí sì máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí ó ṣe ń jó, ó ń tú gáàsì carbon monoxide jáde, èyí tí kò ní àwọ̀ tàbí òórùn. Agbára tí gáàsì yìí fi ń lẹ̀ mọ́ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ́síjìn kì í dé ọpọlọ àti ọkàn tó. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti sùn lè máà mọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́.

Ewu yìí ga jù lọ nígbà ọyẹ́ tàbí òjò, tí àwọn kan máa ń gbé àdògán wọ yàrá láti yá iná, tí wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa. Ìta gbangba, tàbí ilé ìdáná tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí dáadáa, ni ó yẹ kí a ti lò ó. A kò gbọdọ̀ gbé e sí ibi tí ènìyàn ń sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá fara kó gáàsì yìí, ẹ gbé e jáde síta kíákíá, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Eérú pàápàá lè bo ògúnná mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí; ẹ bu omi pa á kí ẹ tó dà á nù.