Ẹṣin Newton àti Òkúta Tó Ń Fà: Èsì sí Àríyànjiyàn Kan lórí Òfin Kẹta

Akẹgbẹ́ wa kan ń tẹnu mọ́ ọn pé òfin kẹta Newton kì í ṣiṣẹ́ àfi bí nǹkan bá dúró sójú kan. Ó ní bí ẹṣin bá ń fa òkúta, tí òkúta náà sì ń fi ipá kan náà fa ẹṣin padà, kò sí èyí tí yóò kúrò níbi tó wà. Bí wọ́n bá sì ń lọ, a jẹ́ pé ipá ẹṣin ló borí. A gbọ́ àlàyé rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò tọ̀nà.

A kò ní tún òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kà níhìn-ín. Ẹni tó bá ti ṣe físíìsì mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n Newton fúnra rẹ̀ ló mú ẹṣin àti òkúta wá sínú Principia lọ́dún 1687, lábẹ́ òfin kẹta gan-an, ẹṣin tó sì ń rìn ló ń sọ: bí okùn ṣe ń ran òkúta lọ́wọ́ tó, ló ṣe ń dí ẹṣin lọ́wọ́ tó.

Ohun tí akẹgbẹ́ wa kò yà sọ́tọ̀ ni ipá méjì tó wà lára ohun kan ṣoṣo, àti ipá méjì tó pín sára ohun méjì. Ti àkọ́kọ́ lè pa ara wọn rẹ́. Ti èkejì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé: owó tó wà lápò Kẹ́hìndé kì í pa gbèsè Táíwò rẹ́ kìkì nítorí pé iye wọn dọ́gba. Ẹ wo ìwé lórí tábìlì, àpẹẹrẹ tó ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ayé ń fà á sísàlẹ̀, tábìlì ń tì í sókè, méjèèjì dọ́gba. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní òfin kẹta nìyẹn. Kì í ṣe òun, nítorí ara ìwé kan náà ni ipá méjèèjì wà. Ìkejì ipá tí ayé fi ń fa ìwé ni èyí tí ìwé fi ń fa ayé sókè. Ìkejì ipá tábìlì ni bí ìwé ṣe ń tẹ tábìlì mọ́lẹ̀. Bí tábìlì náà bá wà nínú ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè ilé alájà púpọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ipá tábìlì á ju ìwúwo ìwé lọ. Ìdọ́gba àkọ́kọ́ ti túká. Síbẹ̀, bí tábìlì ṣe ń ti ìwé ni ìwé ṣe ń ti tábìlì, kò fi bín-ín-tín yàtọ̀.

Ká wá fi iye sí ọ̀rọ̀ ẹṣin. Ká ní òkúta jẹ́ kílógíráàmù 200, ẹṣin 400, kí okùn má wúwo rárá. Ẹṣin fi newton 500 fa òkúta, ilẹ̀ fi 400 dì í mú. Ó ku 100, òkúta sì gbéra. Òkúta fi 500 géérégé fa ẹṣin sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n pátákò ẹṣin ti ilẹ̀ sẹ́yìn ní 700, ilẹ̀ náà tì í síwájú ní 700. Ó ku 200 fún un. Eré àwọn méjèèjì ń pọ̀ sí i bákan náà. Ibo ni ẹṣin ti borí òkúta? Ayé pàápàá gba ìpín tirẹ̀: 700 sẹ́yìn lọ́wọ́ ẹṣin, 400 síwájú lọ́wọ́ òkúta, ó ku 300 sẹ́yìn, ó bá 300 tó ń gbé àwọn méjèèjì lọ síwájú mu rẹ́gí. Kìkì pé kílógíráàmù 6 tí òdo 24 tẹ̀ lé ni ayé, ta ni yóò rí i pé ó mira?

Àṣìṣe tó jọ èyí ti mú àgbà rí. Ní January 1920, New York Times fi Robert Goddard ṣe yẹ̀yẹ́ pé rọ́kẹ́ẹ̀tì kò lè lọ níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò tì. July 1969, tí Apollo 11 ti wà lọ́nà òṣùpá, ni wọ́n tó ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ náà.

A kò sọ pé àríyànjiyàn ti parí. Bóyá akẹgbẹ́ wa ní ìdánwò kan tí a kò tíì rí. Títí yóò fi gbé e jáde, ó jọ pé òfin kẹta ṣì dúró.

Ibi tó le gan-an kò sí lọ́dọ̀ ẹṣin. Ọ̀dọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló wà, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wa tó kàn dá lé. Lọ́dún 2010 ni Jàpáàn fi IKAROS ránṣẹ́ sí òfuurufú, ọkọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń ti ìgbòkun rẹ̀. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà nítòsí ayé, ìmọ́lẹ̀ tó ń tì í ti kúrò lára oòrùn láti nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 sẹ́yìn, ìgbà náà sì ni oòrùn ti gba ìtì tirẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 8 yẹn, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ru ohun tí oòrùn ti fi sílẹ̀ tí ọkọ̀ kò tíì gbà. Bí a ó ṣe kọ òfin kẹta kí ìmọ́lẹ̀ lè wà nínú ìṣirò náà ni a ń ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́wọ́.