Àlùfáà Tí Ó Ṣe Alágbàwí Ẹyẹ Òkun

Bí a bá ń sọ ìtàn àwọn àlùfáà àtijọ́, ẹni tí ó kọ́ ilé Ọlọ́run tàbí ẹni tí ó túmọ̀ ìwé ni a sábà máa ń rántí. Ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ṣe alágbàwí fún ẹ̀dá tí kò lè rojọ́ fúnra rẹ̀. Henry Frederick Barnes ni orúkọ rẹ̀, àlùfáà ìlú Bridlington ní Yorkshire, ní etí òkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ England.

Nítòsí ìlú náà, ní Flamborough àti Bempton, àpáta funfun dúró bí ògiri lórí òkun. Lọ́dọọdún, nígbà tí òtútù bá ti lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ òkun a máa wá yé ẹyin sí ara àpáta wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí rélùwéè dé Bridlington ní ọdún 1846, àwọn ará ìlú ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ̀lú ìbọn. Wọn a háyà ọkọ̀ ojú omi, wọn a sì máa yìnbọn pa àwọn ẹyẹ, kì í ṣe láti jẹ wọ́n, bí kò ṣe láti fi ṣeré. Bí ìyá bá kú, ebi a pa ọmọ rẹ̀ kú lórí àpáta. Àwọn mìíràn ń pa ẹyẹ tí à ń pè ní kittiwake nítorí ìyẹ́ rẹ̀, tí àwọn obìnrin fi ń ṣe àkẹtẹ̀ wọn lọ́ṣọ̀ọ́.

Ní ọdún 1868, Barnes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti dáàbò bo àwọn ẹyẹ náà. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí àánú nìkan. Wọ́n rán atukọ̀ létí pé nígbà tí kùrukùru bá bo òkun, igbe ẹyẹ ni ó ń sọ fún un pé àpáta wà nítòsí. Wọ́n rán apẹja létí pé ibi tí ẹyẹ bá pé jọ sí ni ẹja wà, àti àgbẹ̀, pé ẹyẹ òkun a máa ṣa kòkòrò jẹ nínú oko. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Christopher Sykes gbé ọ̀ràn náà lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, òfin sì jáde ní ọdún 1869. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ẹyẹ òkun láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ.

Ṣùgbọ́n òfin náà kò fi ọwọ́ kan ẹyin. Àwọn ọkùnrin Bempton kan wà tí wọ́n ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta láti kó ẹyin tà. Oúnjẹ ilé wọn ni. Ṣé òfin aláàbọ̀ ni èyí? Aláàbọ̀ ni lóòótọ́. Síbẹ̀ àwa kò lè dá a lẹ́bi, nítorí ó mú ẹni tí ń pa ẹyẹ ṣeré kí ó tó kan ẹni tí ń wá oúnjẹ. Ní ọdún 1880, òfin mìíràn na ààbò náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ẹyẹ ìgbẹ́. Òfin ọdún 1954 ni ó sì fi òpin sí kíkó ẹyin ní Bempton.

Títí di òní, kittiwake ṣì ń yé ẹyin sí ara àpáta náà. Oṣù mẹ́rin péré ni Barnes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí gbà fún wọn, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin náà ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ.