Ta Ni Akin Gan-an?

Láti Ìhunbọ dé Kétu, orúkọ Akin pọ̀ nílẹ̀ wa: Akínwándé, Akínlabí, Akíntóyè. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹni tó lè gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì lẹ́ẹ̀kan ni akin. Rárá o, alágbára lásán nìyẹn. Akin gbọ́dọ̀ láyà pẹ̀lú.

Ẹ wo ogun Dahomey. Wọ́n fọ́ Òkè-Ọ̀dàn lọ́dún 1848, Ìṣàgá lọ́dún 1862, Kétu lọ́dún 1886. Obìnrin pọ̀ nínú ọmọ ogun wọn, wọ́n sì ń jà bí ọkùnrin. Àwa ń kọ́? Àwọn ìyá wa tó pọnmọ sá wọgbó, tí àwọn tó yè nínú wọn tún padà wá tún Òkè-Ọ̀dàn tẹ̀ dó, akin ni wọ́n. Síbẹ̀, ọmọkùnrin nìkan la sábà máa ń sọ ní Akin.