Ọnà Ara Ìkòkò Yorùbá: Ìwé Tí Àwọn Ìyá Wa Fi Amọ̀ Kọ

Ọnà ara ìkòkò ni gbogbo àmì tí amọ̀kòkò ń ṣe sára amọ̀ kó tó sun ún. Àwọn ará Gíríìsì ayé àtijọ́ ń fi dúdú àti pupa ya àwòrán sára ìkòkò tiwọn. Àwọn kan nínú wọn, bíi Exekias, tilẹ̀ ń kọ orúkọ sí i. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn obìnrin ló ni iṣẹ́ náà ní ọ̀pọ̀ ìlú, títẹ̀ àti fífín sì ni ọnà tiwọn.

Bí amọ̀ bá ṣì tutù, amọ̀kòkò á yí okùn tí a lọ́ tàbí igi tí a fín mọ́ ọn lára, àmì rẹ̀ á sì hàn yíká. Kì í ṣe ẹwà nìkan: ìkòkò tí ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki kì í tètè yọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó pọnmi.

Ṣùkù àgbàdo náà wà lára irinṣẹ́ yìí. Láti Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti dé ọ̀dọ̀ wa, lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ní 1492. Nítorí náà, àpáàdì tó bá ní ojú ṣùkù lára kò lè dàgbà ju ìgbà náà lọ.

Ní Ilé-Ifẹ̀, àpáàdì fúnra rẹ̀ di ọnà. Wọ́n tò ó ní ìdúró sílẹ̀ bí egungun ẹja. Ìtàn ní Lúwo, obìnrin tó jọba Ifẹ̀, ló pàṣẹ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ọbalárá, tí Peter Garlake wà ní 1971 sí 1972, ìkòkò ètùtù kan jáde tó ní orí mẹ́ta lára: ọ̀kan jọ ti ènìyàn gidi, méjì rí ṣóńṣó.

Ní Òkè-Ọ̀dàn, ìyá kan tó ń jẹ́ Àbátàn mọ ìkòkò Ẹrinlẹ̀ tí ère obìnrin wà lórí ìdérí rẹ̀. Robert Farris Thompson kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1969, orúkọ rẹ̀ kò sì parẹ́.

Abọ́ tánganran àti ike tí ọkọ̀ ń já sí èbúté Àpápá ti gba ipò ìkòkò ní ilé ìdáná púpọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀ lè dàgbà láìfọwọ́ kan àmù. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń mọ ìkòkò ní Ìpetumodù àti Ìlọrin. Ẹni tó bá ń wa ìpìlẹ̀ ilé, tó sì bá àpáàdì tí a tò, kó dá ọkọ́ dúró, kó sì ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí a bá ti tú u ká, kò sẹ́ni tó lè kà á mọ́.