Ìrìn-àjò bàálù láàrin Westray àti Papa Westray

Nínú gbogbo ìrìn-àjò bàálù elérò tó ní àkókò tí wọ́n là sílẹ̀ fún un, èyí tó wà láàrin Westray àti Papa Westray ló kúrú jù lọ lágbàáyé. Erékùṣù méjèèjì wà ní apá àríwá Orkney, ní Skọ́tlándì. Kìlómítà 2.7, ìyẹn máìlì 1.7, ni pápákọ̀ òfuurufú wọn fi jìnnà síra, ó sì fi díẹ̀ gùn ju ojú ọ̀nà tí bàálù ti ń gbéra ní Edinburgh, tó jẹ́ mítà 2,556. Iléeṣẹ́ Loganair ló ń ná ọ̀nà náà láti ọdún 1967.

Àkókò ìrìn-àjò

Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n kọ sínú ìwé àkókò, àmọ́ ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ sábà máa ń tó. Ẹni tó bá fi jíjìn nìkan ṣe ìṣirò kò ní bá a mu. Bàálù tí wọ́n ń lò máa ń sá tó kìlómítà 250 ní wákàtí kan bó bá ti dúró sójú eré lókè, àáyá 39 péré sì ni kìlómítà 2.7 yóò gbà á bí ó bá lè sá eré yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò lè sá a. Kó tó gòkè tán ló ti ní láti máa múra àtibalẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló wá kù tó ń pàṣẹ, nítorí bàálù máa ń kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ bó bá fẹ́ gbéra tàbí bó bá fẹ́ balẹ̀. Lọ́jọ́ tí èyí bá mú kí awakọ̀ kẹ̀yìn sí erékùṣù tó ń lọ, ó di dandan kó yí po lókè kó tó forí lé e, yíyípo náà sì lè jẹ àkókò tó pọ̀ nínú ìrìn náà.

Àáyá 53 ni wọ́n sábà ń dárúkọ pé ó yá jù lọ, wọ́n sì kà á sí Stuart Linklater lọ́rùn, awakọ̀ tó ná ọ̀nà yìí ju ìgbà 12,000 lọ kó tó fẹ̀yìn tì ní 2013. Ó yẹ ká fi ìṣọ́ra gba iye yìí, torí ibi tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò lè yí i padà: yálà nígbà tí táyà kúrò nílẹ̀ ni, tàbí nígbà tí bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Bàálù náà

Britten-Norman Islander ni. Ọdún 1965 ló kọ́kọ́ fò. Ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, èrò mẹ́jọ ló sì ń gbé pẹ̀lú awakọ̀ kan.

Ìlò àti ìtàn

Ìrìn yìí jẹ́ apá kan ọ̀nà tó ń ti Kirkwall, olú ìlú Orkney, lọ sí àwọn erékùṣù wọ̀nyí. Ìkànìyàn 2011 ka ènìyàn 90 ní Papa Westray, nítorí náà owó ọkọ̀ nìkan kò lè gbé e ró. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Orkney ló ń fi owó kún un. Olùkọ́, dókítà àti nọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, èyí sì ni ìdí tó fi wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkìkí rẹ̀ ń fa àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Àwọn mìíràn ń lọ wo Knap of Howar, ilé olókùúta tí àwọn èèyàn gbé ní nǹkan bí ọdún 3700 ṣáájú ìbí Kristi. Ọkọ̀ ojú omi náà wà láàrin erékùṣù méjèèjì. Ó ń gbà tó ìṣẹ́jú 25.